Fa Ìlà Náà Gba Orí Sàráà Àbúrò Rẹ

Marcory, Abidjan,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì.

Rùkáyátù Àbẹ̀kẹ́, àkọ́bí mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ti jẹun? Má wulẹ̀ sọ pé o mu kọfí, kọfí kì í ṣe oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé Màmá kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Tí mo bá pè ọ́, kí n tó sọ gbólóhùn méjì, wà á ti ní "Màmá, y'a fohi", pé kò sí wàhálà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Wàhálà wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ra ìwé. Mo mọ̀ pé Yorùbá tí o gbọ́ pọ̀ ju èyí tí o lè kà lọ. Máa kà á sókè díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń ní kí ẹ ṣe nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Etí rẹ á ran ojú rẹ lọ́wọ́.

Lánàá, lẹ́yìn Jímọ̀, tí o yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí o tẹ́ àwòrán ọ̀nà tuntun yín sórí tábìlì láàárín síìpù àti òwú, inú mi dùn débi pé mo ń wá ẹni tí màá pè wá wò ó. Ọmọ tèmi ni wọ́n gbé irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. O ń fi ìka hàn mí: ibí ni bọ́ọ̀sì á máa gbà, òun nìkan, tí gbákà, àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké yẹn, kò ní dí i mọ́, ibí ni èrò á ti máa dúró dè é lábẹ́ ibòòji, ibí ni ti ẹlẹ́sẹ̀, ibí ni ti oníkẹ̀kẹ́. Ìka rẹ ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ó fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìlà náà wọ́. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ di tín-ín-rín bí òwú tí mò ń tà, ti oníkẹ̀kẹ́ tilẹ̀ parẹ́, ó di ìwájú dáadáa kó tó tún yọjú.

Mo bi ọ́ pé kí ló dé. O ní, "Màmá, sàráà Wàsíù ló wà níbẹ̀. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi ní kí wọ́n fọ́ ọ." O ní Mọ́ńdè ni ọ̀gá rẹ máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kí o jókòó jẹ atiéké. Èsì tí n kò rí fọ̀ lánàá ni mò ń kọ báyìí, màá fi rán ẹnì kan sí ọ lálẹ́ yìí, kí Mọ́ńdè tó dé.

Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, mi ò kì í bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gan-an lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fara dà fún mi.

Àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí mo dé láti Ìgbòho, ọmọdébìnrin ni mí, ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Àwọn ará ilé wa ní Adjamé fi mí sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹrù mi, wọ́n ní bàbá rẹ ń dúró dè mí lọ́nà Marcory. Bí wọ́n ṣe júwe ọ̀nà fún mi nìyí: "Tí o bá ti rí omi, máa múra àtisọ̀." Ní Ìgbòho tiwa, bí èèyàn bá rí omi, ó ti dé odò nìyẹn, odò kan náà tí gbogbo ìlú mọ̀. Ta ló máa sọ fún mi pé ìlú kan wà láyé tí omi wà lọ́tùn-ún, tó wà lósì, tó tún wà níwájú? Bí mo ṣe tajú kán rí ọ̀sà, mo kígbe pé mo fẹ́ sọ̀. Bàbá rẹ wà lódìkejì afárá. Mo gbé ẹrù karí, mo fi ẹsẹ̀ rin afárá náà, mọ́tò ń kọjá bí ìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìró wọn ń mì mí láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú tì mí láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí n kò gbọ́ Faransé. Bẹ́ẹ̀, abèèrè kì í ṣìnà.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó mọ ilé kì í mọ bí àlejò ṣe ń wá a. Ojú ara rẹ̀ ló fi ń júwe. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí bọ́ọ̀sì á ti máa dúró, ẹ má bi àwọn tó ti mọ ìlú dunjú nìkan. Ẹ wá ẹni tó dé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wá obìnrin tó gbé ẹrù, tó pọn ọmọ. Ìwọ alára, fi ọkọ̀ ọ́fíìsì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí o rin ọ̀nà tí o ń yà lórí ìwé, nígbà tí oòrùn bá mú. O ti ń gbé Cocody báyìí, ibi tí ògiri ga tí igi pọ̀. Ọ̀nà àtirìn jìnnà sí ẹni tó ń gbé Cocody.

Ẹ̀ẹ̀kejì. Wọ́n ní Faransé rẹ dùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí o bá lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀, má fi Faransé ọ́fíìsì bá wọn sọ̀rọ̀. Sọ Julá díẹ̀, sọ Yorùbá tí o gbọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohun tí o wí, "bẹ́ẹ̀ ni" náà ló máa sọ, o ò sì ní mọ̀ pé kò gbà. Ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkọ, àmọ́ mo ti rí bí o ṣe ń fajú ro. Mo fi í sílẹ̀.

Ó yá. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Wàsíù. A kì í sọ ọ́ nílé wa. Bàbá rẹ kò sọ ọ́ títí ó fi padà sí Ìgbòho, ìwọ kò sọ ọ́, èmi náà kò sọ ọ́. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù nìyẹn.

O rántí pé ìwọ wà ní yunifásítì nígbà tí àbúrò rẹ ń bá mi gbé òwú àti bọ́tìnì lọ fún àwọn télọ̀. Nígbà tó ní òun fẹ́ kẹ̀kẹ́, mo gbà, nítorí kẹ̀kẹ́ ni bàbá tèmi fi ń gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá Múínà tó ń ta léèsì nítòsí wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Ìyá Rùkáyà, ṣé takisí wórò-wórò ti tán ní Abidjan ni? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe bí ọmọ ìlú ńlá." Wàsíù á ní, "Tanti, ẹ máa gbádùn takisí yín. Tí ẹ bá dé lọ́la, ẹ kí mi." Ìyá Múínà á rẹ́rìn-ín títí omi á bọ́ lójú rẹ̀.

Èmi ni n kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí. Ní gbogbo àárọ̀ ni mo máa ń sọ fún un pé, "Bí ọ̀nà bá ti há, sọ̀ kalẹ̀. Fi ọwọ́ tì í. Etí ọ̀nà ni kí o gbà." Á ní, "Màmá, ẹ sọ ọ́ lánàá." Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Mo tún ń sọ ọ́ lónìí."

Lọ́jọ́ yẹn, ó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ télọ̀ kan. Ó dé ibi gọ́tà tó wà níwájú wa, nígbà tí kò tíì ní ìdérí. Tábìlì ọjà wà lápá kan, gọ́tà la ẹnu sílẹ̀ lápá kejì. Bọ́ọ̀sì ńlá dúró sí àárín títì láti já èrò, nítorí kò ní ibi tirẹ̀ tó lè yà sí. Gbákà kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè ní sùúrù. Ó yà gba etí ọ̀nà. Gbogbo àwọn tó rí i ló sọ ohun kan náà fún mi, Rùkáyà. Wọ́n ní Wàsíù kò sí lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ tì í. Etí ọ̀nà ló wà.

Ohun tí mo sọ ló ṣe.

Àwọn èèyàn wá bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí, n kò rí ẹni tí màá sọ ọ́ fún. Ká ní ọmọ tó kọtí ikún ni, ǹ bá rí nǹkan bínú sí. Ìmọ̀ràn mi wà létí rẹ̀, ó gbà á, ó sì ṣe é dáadáa. Ibi tó lè fi ẹsẹ̀ sí ni kò sí. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹnu mi ti ń wúwo láti gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. O lè rò pé ẹnu mi kò dákẹ́; ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ ni mò ń sọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín bá ní kí ẹ kàn lẹ ìwé káàkiri pé kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ máa ṣọ́ra, sọ fún un pé o ní àbúrò kan tó ṣọ́ra. Kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn níbi tí wọ́n á ti máa ṣọ́ra ná.

Ọ̀rọ̀ sàráà náà ló kù.

Nígbà tí a fẹ́ ṣe fídáù rẹ̀, Àlùfáà ní, "Sàráà tí èèyàn bá jẹ tán, ó tán. Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tí ẹsẹ̀ á máa tẹ̀, tí láádá rẹ̀ á máa dé bá ọmọ náà níbi tó wà." Ohun tí à bá fi se oúnjẹ la fi ra símẹ́ńtì àti irin. Àwọn ọmọ Ìgbòho, àwọn ará Ṣakí, gbogbo wọn ló bọ́ aṣọ tí wọ́n po yanrìn. Ìwọ lo ń bu omi sí i. A bo gọ́tà náà láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ibi tí èrò ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Kó tó gbẹ, bàbá rẹ tẹ̀ ba, ó fi ìka kọ ọ́: Sàráà Wàsíù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí i tó sunkún nìyẹn.

O ò sí nílé lọ́dún tó tẹ̀lé e, o ò mọ bí mo ṣe máa ń jókòó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí màá máa wo ẹsẹ̀. Bàtà àwọn ọmọ iléèwé, sálúbàtà àwọn ìyá, ẹsẹ̀ àwọn alábàárù. Ẹni tó bá ti gba orí rẹ̀ kọjá, màá ní "àmín" nínú ara mi, àfi bíi pé ó gbàdúrà fún un. Òun ló gbé mi dìde. Òun náà ló fà á tí mo fi gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀, pé kí àgbàlagbà tó bá rẹ̀ lè fìdí lé e díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ wá, àwa ará ilé. A kì í rí bẹ́ǹṣì ká má jókòó. Àwọn tó jọ po símẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí mi, wọ́n ń jókòó, a ń sọ̀rọ̀ ilé. Ìyá Múínà gbé ìdì léèsì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ojú rẹ̀ má baà kúrò lára ọjà. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, ó gbé agboòrùn dé. Ẹni tó ń ta bàtà tẹ̀lé e, ẹni tó ń ta ṣájà fóònù tẹ̀lé e. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Múínà wò mí pẹ̀lú ìbànújẹ́: "Ìyá Rùkáyà, èmi tí mo fi orí ru yanrìn rẹ̀, ẹ ó wá lé mi kúrò lórí sàráà ọmọ yín?" Mo padà sídìí òwú mi. Ká ní àjèjì ni, ǹ bá lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ rò pé àwọn olójúkòkòrò ló ń gba trotuá, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ìfẹ́ ló gba tiwa. Má gbàgbé èyí tí o bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Má pè wọ́n ní olórí líle. Wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n di ìdènà, bí èmi náà kò ṣe mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ọmọbìnrin iléèwé kan ń bọ̀, wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n dé ibi agboòrùn, kò sí àyè, wọ́n sọ̀ sí títì. Gbákà kan dé lẹ́yìn wọn, ẹni tó ń já èrò ń fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀ gbàgbàgbà, ó ń bú wọn pé ṣé ilé bàbá wọn ni. Ọ̀kan nínú wọn fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ibi tó fò kúrò, Rùkáyà, ibẹ̀ gan-an ni. Èmi jókòó, síìpù wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o, ó ń wò.

Mo wá bi ara mi pé láádá wo ló tún ń dé bá Wàsíù láti ibẹ̀ báyìí.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Múínà kó àwọn yòókù wá bá mi. Wọ́n ti gbọ́ pé o wá. Ó ní, "Ọmọ wa ló mú bírò lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kó bá wa ti ọ̀nà náà sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Mo ní, "Ọmọ wa ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ́ ìlà náà fún wa."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo sọ ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá fún wọn, mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Ẹni tó ń ta bàtà ń wo ilẹ̀. Ìyá Múínà fi ohùn kékeré ní, "Níbo lẹ fẹ́ ká lọ? Ẹ sọ fún mi."

Ìbéèrè tòótọ́ ni. Mo mú un wọlé, mo fi apá kan ṣọ́ọ̀bù mi hàn án, ibi tí mo ń kó páálí òfìfo sí. Mo ní kó kó léèsì rẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó ń ra léèsì á ra òwú. Ó wò ó, ó ní, "Ó ṣókùnkùn." Mo ní a ó tan iná. Ó ní, "Ẹnu yín pọ̀, Ìyá Rùkáyà, mi ò mọ̀ bóyá mo lè bá yín gbé." Ó ti kó ìdì méjì wọlé kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n n kò ní àyè fún oníbàtà, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fún oníṣájà. Ìwọ lo máa wá àyè fún wọn nínú àwòrán yẹn. Má fọ́ ibì kan kí o má sì sọ ibi tí àwọn èèyàn ibẹ̀ á lọ.

Nítorí náà, ọmọ mi, tẹ́ ìwé yẹn padà lọ́la. Fa ìlà náà kó tọ́. Jẹ́ kí ó fẹ̀ níwájú wa bó ṣe fẹ̀ níbòmíràn, kí o sì jẹ́ kí ti oníkẹ̀kẹ́ kọjá láìdúró. Bí o bá wọ́ ọ nítorí Wàsíù, ọmọ ẹlòmíràn á tún sọ̀ kalẹ̀ sí títì níbi tí Wàsíù ti sọ̀. Àlùfáà kan náà ló máa ń kọ́ wa pé mímú ìdènà kúrò lójú ọ̀nà, sàráà ni. A ó ṣe é fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Mo mọ̀ pé ìwọ lo bu omi sí i. Àbúrò rẹ kò sí nínú símẹ́ńtì yẹn. Jímọ̀ tó ń bọ̀, wá, ká jọ lọ sí ibi tí a sin ín sí, ká gbàdúrà fún un níbẹ̀, ká sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu wa. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí o rántí nípa rẹ̀ tí èmi kò mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo. O ní tí ọ̀nà náà bá parí, kẹ̀kẹ́ ni wà á máa gùn lọ síbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tako gbogbo ohun tí mo ti sọ bọ̀: jọ̀ọ́, wọ bọ́ọ̀sì ná. Jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹlòmíràn kọ́kọ́ gùn ún, kí n wò wọ́n títí ọkàn mi á fi balẹ̀. Tí kò bá balẹ̀, má bínú sí mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fọ́ ọ, ìwọ má wá. Èmi á wà níbẹ̀. Mo mọ ibi tí irin wà nínú rẹ̀, màá fi hàn wọ́n. Tí wọ́n bá kọ́ tuntun, wọn kò ní kọ orúkọ kankan sí i, mo mọ̀. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá kò ní mọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Wàsíù. Kò burú. Kó sáà délé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀, ní títì àti létí títì. Kó má jẹ̀ẹ́ kí n tún dúró de ọmọ tí kò ní dé.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Ràfátù.